Ẹkún Tọ́ sí José Fernández, Ère Kò Tọ́ sí I

Lóru ọjọ́ Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọkọ̀ ojú omi kan sáré forí sọ àwọn òkúta tó wà ní ẹnu èbúté ìlú Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó yè nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni José Fernández, ẹni ọdún 24, gbajúmọ̀ ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Miami Marlins. Ẹgbẹ́ náà ní ìdíje lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n fagi lé e. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ rọ́ lọ sí pápá ìṣeré, wọ́n ń to òdòdó, àbẹ́là àti fìlà síbẹ̀, wọ́n ń sunkún ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bọ̀ lọ́wọ́ rí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ náà jáde pé òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, pé ó ti mutí kọjá ìwọ̀n, pé kokéènì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn ò ti ṣọ̀kan mọ́. Àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìwádìí náà létí àwọn, kí òkú lè sinmi. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ṣì ń sunkún rẹ̀, apànìyàn ló ń sunkún. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló da ẹkún pọ̀ mọ́ ìyìn. Ẹkún tọ́ sí Fernández, ó sì tọ́ kí olólùfẹ́ tí kò pàdé rẹ̀ rí sun ún. Ère ni kò tọ́ sí i.

Kí òǹkàwé tí kò mọ eré béésìbọ́ọ̀lù lè mọ irú ẹni tí à ń wí, ajùbọ́ọ̀lù ni ẹni tó máa ń dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù líle kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù lọ sí ẹni tó di igi mú lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni yẹn ni kó wá fi igi gbá a. Bó bá ṣe é tì lẹ́ẹ̀mẹta, àbùṣe bùṣe, kó padà lọ jókòó. Ní sáà ọdún 2016, ìgbà 253 ni Fernández rán alùbọ́ọ̀lù padà lọ jókòó báyìí, kò sì sí ajùbọ́ọ̀lù Marlins kankan tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kọ́kọ́ bá àwọn àgbà ṣeré lọ́dún 2013, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pegedé jù lọ ní líìgì National. Ní ọdún 2014, iṣan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi jókòó sílé, ó sì tún padà wá. Nílé, níwájú èrò Miami, ó jàre ìgbà 29, ó pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ìdíje tó ṣe kẹ́yìn, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ìpele mẹ́jọ gbáko ló fi ju bọ́ọ̀lù sí àwọn Washington Nationals, wọn kò rí ẹyọ kan ṣoṣo jẹ lára rẹ̀, alùbọ́ọ̀lù 12 ló sì rán padà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó di olóògbé.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi olólùfẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ni pé, kí ló kàn ọ́? O ò bá a tan, o ò bá a jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ọ mọ̀ láàárín èrò. Ìbéèrè náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò ro bí ènìyàn ṣe ń di ojúlùmọ̀ ẹni. Ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ajùbọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré kì í jáde lójoojúmọ́, apá rẹ̀ kò ní gbà á. Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á sì máa ka ọjọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń ka ọjà ọrún. Á mọ ẹ̀rín rẹ̀ láàárín ẹ̀rín ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Á mọ bó ṣe ń fò mọ́ ọgbà níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń jókòó sí nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbá bọ́ọ̀lù jáde, torí Fernández kì í lè pa ayọ̀ mọ́ra, ayọ̀ ẹlòmíràn tàbí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun tí a kì í rí ojú rẹ̀ tó báyẹn lọ́dún. Lóòótọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ẹnì kejì nínú àjọmọ̀ yìí, ohun tí olólùfẹ́ sì mọ̀ kò kọjá iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà àti ìwọ̀nba ìwà tó bá iṣẹ́ náà jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Nígbà tí kò bá sí mọ́, nǹkan ti kúrò nínú ayé ẹni tó ń wò ó.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Nàìjíríà láti gbà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà figagbága fún ife àgbáyé, ó sì gba ibẹ̀ dágbére fáyé. Ẹni ọdún 25 ni. Ọ̀dọ́kùnrin agbẹjọ́rò tó fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni, àwọn tó sunkún rẹ̀ láti Èkó dé Kàlàbá kò sì bá a tan. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló kàn wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ rí ohun tí ọ̀fọ̀ eré ìdárayá lè ṣe, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì ikú Fernández, nígbà tí àwọn New York Mets wá bá Marlins ṣeré. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù Marlins pátá ló wọ ẹ̀wù tí orúkọ Fernández àti nọ́ńbà 16 wà lẹ́yìn rẹ̀. Dee Gordon ló kọ́kọ́ jáde láti gbá bọ́ọ̀lù. Ìhà òsì ni Gordon máa ń dúró sí bó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ayé ló mọ̀. Ní alẹ́ yẹn, ìhà ọ̀tún ló lọ dúró sí. Ó dé àṣíborí olóògbé náà, ó na igi, ó sì ṣe bí Fernández ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kọjá, kò fi igi kàn án. Ó wá bọ́ sí ìhà tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù kejì kọjá. Bartolo Colón, ajùbọ́ọ̀lù Mets, ju ẹ̀kẹta, Gordon sì fi gbogbo ara gbá a, ó lọ balẹ̀ láàárín ìjókòó òkè lọ́hùn-ún. Gordon kì í ṣe alágbára tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù jáde. Láti ìgbà tí sáà ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì gbá ẹyọ kan. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sáré yí pápá po, nígbà tó sì padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà ọkùnrin so mọ́ra, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Marlins jàre, 7 sí 3. Lẹ́yìn eré, wọ́n pagbo yí òkìtì ajùbọ́ọ̀lù ká, wọ́n sì fi fìlà wọn sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wo èyí tó sì ní ọ̀rọ̀ ìnàjú lásán ni eré ìdárayá, ojú rẹ̀ ń wo, kò rí nǹkan kan.

Ọ̀fọ̀ Miami tún ní ìdí mìíràn tó jinlẹ̀ ju eré lọ. Santa Clara, ní Cuba, ni wọ́n ti bí Fernández lọ́dún 1992. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú láti gba ojú òkun sá kúrò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú un, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n nígbà tí kò tíì ju ọ̀dọ́mọdé lọ. Ní ìgbà kẹrin, lọ́dún 2008, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, òkun ń ru, ó gbọ́ tí ènìyàn kan já sómi lóru, ó sì bẹ́ tẹ̀ lé e láìmọ ẹni tí í ṣe. Ìyá rẹ̀ ló bá nínú omi. Ó lúwẹ̀ẹ́ gbé e padà sínú ọkọ̀. Láti Mexico ni wọ́n ti gba orí ilẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà rẹ̀, Olga, tó fi sílẹ̀ ní Cuba, tó sì fẹ́ràn ju ohunkóhun lọ, kò rí i mọ́ títí di ọdún 2013, nígbà tí wọ́n mú un wá bá a lójijì. Ìlú Miami kún fún àwọn tó ní irú ìtàn báyìí nínú ìdílé wọn, àwọn tí baba, ìyá tàbí àbúrò wọn gba orí omi kan náà wá, àti àwọn tí tiwọn kò dé. Fernández ni ọmọ wọn tó là á já, tó wá ń rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo ayé. Kí òkun tó ti gbà á là wá pa á, ó ju ohun tí ọkàn wọn lè gbà lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ káàkiri ìlú, wọ́n yà ní Ermita de la Caridad, ilé ìsìn kan létí omi tó kọjú sí ìhà Cuba. Ìyá Mímọ́ tí àwọn Kátólíìkì Cuba ń pè ní Caridad del Cobre ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àwọn ọmọ ìran Yorùbá tí òwò ẹrú gbé dé Cuba, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń kí nínú Ìyá náà, bẹ́ẹ̀ sì ni títí dòní. Nínú àwòrán rẹ̀ tí gbogbo ilé Cuba mọ̀, ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìjì ń jà, ó sì ń gbà wọ́n. Mo gbà pé ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ lára àwọn tó dúró síwájú ilé ìsìn náà lọ́jọ́ yẹn láti má ronú kan àwọn mẹ́ta tí a kò gbà là.

Àwọn mẹ́ta yìí gan-an ni ó mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Nínú ìwádìí tí àjọ tó ń mójú tó ẹja àti ẹranko ìgbẹ́ ní Florida gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n ní ọwọ́ Fernández ni ìdarí ọkọ̀ wà. Ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.147, nígbà tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ pé 0.08. Iye eré tí ọkọ̀ náà ń sá nínú òkùnkùn nígbà tó kọlu òkúta ju 60 máìlì ní wákàtí kan lọ. Ìwádìí náà sọ ọ́ ní gbangba pé ká ní ó yè ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Agbẹjọ́rò ìdílé rẹ̀ takò ó, ó ní kò dájú pé òun ló wà nídìí ọkọ̀. Àwọn méjì tó bá a lọ, ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 27, èkejì jẹ́ ẹni ọdún 25, àwọn náà ní ìyá, wọ́n ní baba, ìdílé wọn sì pe ẹjọ́ lórí ogún tó fi sílẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ka orúkọ wọn lára àwọn òdòdó iwájú pápá ìṣeré. N kò dá olólùfẹ́ lẹ́bi fún èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ẹni tí a mọ̀ la ń sunkún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù Kẹta ọdún 2017, ẹni tó ní òun ń ṣọ̀fọ̀ Fernández tí kò fẹ́ gbọ́ nípa àwọn méjì yẹn, kò ṣọ̀fọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ti ya apá kan kúrò nínú ikú náà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwọn tó fẹ́ kí á dákẹ́ á ní kò yẹ kí á máa tú àṣírí òkú. Mo mọ iyì ọ̀rọ̀ yìí, a sì tọ́ wa dàgbà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tó kọ́ wa ní ìyẹn ló tún sọ pé ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Wọ́n mọ̀ pé ikú máa ń kun ènìyàn lọ́ṣẹ, wọ́n sì rí i pé ó yẹ kí á kíyè sí i. Ohun tó tún wúlò jù lọ fún wa níhìn-ín ni ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sáàárín òkú méjì. Bí arúgbó bá kú, à á ṣe òkú rẹ̀: à á pa màlúù, à á wọ aṣọ ẹbí, àwọn onílù á lù, à á sọ bó ṣe gbé ilé ayé. Bí ọ̀dọ́ bá kú, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tètè sin ín, wọn kò ní jẹ́ kí òbí rẹ̀ rí ibi tí wọ́n sin ín sí, kò sí ìlù, kò sí ọtí, kò sí ìnáwó. Ẹkún nìkan ló wà, ẹkún náà sì gbóná ju ti àgbà lọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé nítorí a kò ṣe ayẹyẹ fún ọ̀dọ́ náà, a kò fẹ́ràn rẹ̀. Ikú àìtọ́jọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́, òun ni kò jẹ́ kí á ṣe ayẹyẹ. Nínú ìlànà yìí, a lè sunkún títí ojú á fi pọ́n láìpurọ́ kan ṣoṣo nípa ẹni tó lọ, torí a kò bẹ̀rẹ̀ ìyìn rárá débi tí òtítọ́ á fi dí wa lọ́wọ́.

Nínú eré béésìbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, a ti rí ohun tó ń tẹ̀yìn ọ̀fọ̀ tí kò wádìí yọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Oscar Taveras ti ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals, ọmọ ọdún 22, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic níbi tí wọ́n ti bí i, òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ti mutí yó kó tó wọ ọkọ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ikú Taveras, ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kan, Yordano Ventura ti Kansas City Royals, kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sára fìlà, ó ju bọ́ọ̀lù fún ìpele méje nínú àṣekágbá líìgì láìjẹ́ kí San Francisco Giants rí ẹyọ kan, ó sì fi eré náà júbà olóògbé. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Ventura náà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Dominican Republic, ó jẹ́ ẹni ọdún 25. Lọ́jọ́ kan náà gan-an, agbábọ́ọ̀lù mìíràn, Andy Marte, kú sójú ọ̀nà ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà. N kò sọ pé ohun kan náà ló pa Taveras àti Ventura. Ohun tí mò ń sọ ni pé láàárín ikú kìíní àti èkejì, a ya fìlà, a wọ ẹ̀wù, a dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó fi ohùn rara sọ̀rọ̀ nípa ìgboro alẹ́, ọtí àti ọkọ̀ sísá níwájú àwọn ọmọ ogún ọdún tí owó ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ wọn.

Wo ti Tyler Skaggs, ajùbọ́ọ̀lù Los Angeles Angels, tí wọ́n bá òkú rẹ̀ ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Texas ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2019. Ẹni ọdún 27 ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ padà sí ilé, gbogbo wọn wọ nọ́ńbà 45 tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì ju bọ́ọ̀lù ìṣíde. Àwọn ajùbọ́ọ̀lù Angels kò jẹ́ kí Seattle Mariners gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo bó ti yẹ títí eré fi parí, 13 sí òdo. Ibí yìí ni ìtàn náà ì bá parí sí, ì bá sì dùn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn apàrora, fentanyl àti ọtí wà lára rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ kò bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n tọ pinpin rẹ̀. Ilé ẹjọ́ wá rí i pé òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kan ló fún un ní oògùn tó pa á, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 22. Kí ọdún 2019 náà tó parí, àjọ tó ń darí líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ti fẹnu kò pé wọn yóò máa yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò fún irú oògùn bẹ́ẹ̀, àti pé ìtọ́jú ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹni tí wọ́n bá bá a lára rẹ̀, kì í ṣe ìyà. Ẹni tí oògùn ti wọ̀ lẹ́wù lónìí tó sì rí ìtọ́jú, ìyá kan tí kò tijú òtítọ́ nípa ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é lóore. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìyá náà kò ṣọ̀fọ̀.

Ní ti ère, ẹni tó ni Marlins nígbà náà, Jeffrey Loria, kéde pé òun yóò gbé ère Fernández dúró níwájú pápá ìṣeré. Ìkéde náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Miami, mo sì wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí wọ́n má ṣe é. Ère kì í sunkún, ìtọ́kasí ló ń ṣe. Ó ń sọ fún ọmọ tó ń kọjá pé, wo ẹni yìí, fìwà jọ ọ́. Níwájú pápá Pittsburgh Pirates, ère Roberto Clemente, agbábọ́ọ̀lù wọn nígbà kan rí, wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1972, Clemente wọ ọkọ̀ òfuurufú kan ní San Juan, ní Puerto Rico, tó kó oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn tí ilẹ̀ mì lára wọn ní Nicaragua. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan ń jí ẹrù ìrànwọ́ náà, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Ọkọ̀ náà já sínú òkun. Irú ikú báyẹn, a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i fún ọmọ wa. Ère orí Okwaraji tó wà ní Sùúrùlérè kò ṣòro láti ṣàlàyé, ẹnu iṣẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló kú sí. Kí la fẹ́ kí bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ níwájú ère Fernández, nígbà tí ìyá àwọn méjì tó kù lè máa kọjá níbẹ̀ lọ sí ọjà?

Àwọn tó wà ní ìhà kejì á wá sọ pé, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a má sunkún rẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú, tó tún fà á fún ẹlòmíràn, ìbínú ló tọ́ sí i. Mo gbà pé ìbínú tọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìbínú àti ẹkún kì í gbé ojú kan? Bi àwọn ìyá tí ọmọ wọn gun ọ̀kadà ní àgunjù, tó sì kú, bóyá wọn kò sunkún rẹ̀ nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Ẹni ọdún 24 ni Fernández. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kàwé yìí ló ti ṣe ohun tó lè pa wọ́n nígbà tí wọ́n wà ní ọjọ́ orí yẹn, tí Ọlọ́run kò jẹ́. Bí wọ́n bá ti dàgbà kọjá ibẹ̀, wọ́n ronú pìwà dà, wọ́n bí ọmọ, wọ́n di ẹni tó ń kìlọ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tí a pàdánù lóru ọjọ́ yẹn ni àǹfààní náà, fún òun àti àwọn tó bá a lọ. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lóyún nígbà tó kú. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ọmọ náà dáyé, kò sì bá baba. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ní kí á má sunkún òkú, kò ní sí òkú tí à bá sunkún.

Àtakò tó ń dùn mí jù lọ ni èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ní òkun tó wà láàárín Cuba àti Florida ti gbé àìmọye ènìyàn mì, kò sẹ́ni tó to àbẹ́là fún wọn, ajùbọ́ọ̀lù olówó kan wá kú nínú ìgbádùn rẹ̀, gbogbo ìlú dúró. Ní tòótọ́, kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn ará Miami má sunkún Fernández, àwọn òkú inú òkun kò ní rí omijé kan ṣoṣo gbà nínú èyí tí a fi pamọ́. Ohun tí mo rí nínú ìròyìn ìsìnkú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn alátakò ń wí. Àwọn àgbà tó dúró létí títì tí wọ́n mú àsíá Cuba lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò láǹfààní láti sin ẹni tiwọn tí omi gbé lọ. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí tẹ̀ lé. Ẹkún ẹnì kan máa ń gba ẹkún púpọ̀ tí kò ní ibi tí yóò gbà jáde, kò sì sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti ti ọ̀nà náà.

Ẹgbẹ́ Marlins sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ nọ́ńbà 16 mọ́. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn, torí nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ń sọ pé ẹnì kan kò sí níbi tó yẹ kó wà, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ère ì bá jẹ, iṣẹ́ wà tó lè ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé ọtí ló wà nídìí ikú ojú omi ju ohun mìíràn tí wọ́n mọ̀ lọ, omi sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àwọn òkúta ẹnu èbúté Miami mọ́lẹ̀ lálẹ́ nígbà tó bá kún. Ní oṣù Kejì ọdọọdún, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù máa ń kóra jọ ní Florida fún ìmúrasílẹ̀ sáà tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Cuba, Dominican Republic àti Venezuela, wọ́n kò tíì pé ọmọ ọdún 22, owó sì ti wọ àpò wọn. Kí Marlins fi fọ́rán ìdíje ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 hàn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n rí bí ẹni náà ṣe dára tó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka ìwádìí oṣù Kẹta ọdún 2017 sí wọn létí ní èdè Sípáníìṣì, pẹ̀lú ọjọ́ orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ọkọ̀.